Àgbéyẹ̀wò orin ìfẹ́ “Pyar Hua Iqrar Hua”

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ará Íńdíà kì í fi í ya orin kúrò lára fíìmù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “Pyar Hua Iqrar Hua”, orin ajùmọ̀kọ inú Shree 420, fíìmù tí Raj Kapoor darí ní ọdún 1955. Nọ́ńbà tí ó wà nínú orúkọ fíìmù náà kò lè ṣe àjèjì sí ọmọ Nàìjíríà: abala 420 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Íńdíà ni ó máa ń mú àwọn gbájúẹ̀ nígbà náà, bí 419 ṣe ń mú wọn níbí. Raj, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá iṣẹ́ wá sí Bombay, àti Vidya, olùkọ́ tí òun náà kò rí jájẹ, ni òjò ká mọ́ òde lálẹ́. Raj Kapoor fúnra rẹ̀ àti Nargis ni wọ́n ṣe é.

Àwọn òṣèré náà kọ́ ni wọ́n ń kọrin. Nínú sinimá Hindi, olórin ni ó máa ń kọ orin sílẹ̀ ní sítúdíò, tí òṣèré á sì máa ṣí ẹnu tẹ̀ lé e níwájú kámẹ́rà. Lata Mangeshkar ni ohùn Nargis. Mukesh ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Raj Kapoor, ṣùgbọ́n Manna Dey ni ó kọ eléyìí, lórí orin tí Shankar àti Jaikishan ṣe, lójú tèmi sì rèé, yíyàn yẹn ni ó gbé orin náà débi tí ó dé. Ẹkún díẹ̀ máa ń wà nínú ohùn Mukesh. Ti Manna Dey dán, ó rọ̀, kì í sì í fi agbára gòkè, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Lata bá gba orin lẹ́nu rẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Shailendra ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Àwọn méjèèjì ti jẹ́wọ́ ìfẹ́ tán, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n: ọkàn ń wí pé ọ̀nà le, a kò sì mọ ibi tí à ń lọ. Ẹ̀rù yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àwọn tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣèlérí pé orin ìfẹ́ àwọn kò ní yí padà láé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Jaikishan fẹ́ kí Shailendra fi igun mẹ́rin ayé rọ́pò igun mẹ́wàá tí òru yóò ròyìn ìfẹ́ wọn fún, nítorí pé mẹ́rin ni ará ìlú mọ̀. Akéwì náà kọ̀ jálẹ̀. Mẹ́wàá ni àwọn àgbà Íńdíà ń kà, pẹ̀lú igun mẹ́rin àárín, òkè àti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn pé kò gbà, nítorí kò yẹ kí olórin máa fojú kéré òye ẹni tí ó ń gbọ́ ọ.

Agbòjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ọ̀kan bá tì í sọ́dọ̀ èkejì, èkejì á dá a padà, títí òjò fi pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí orin bá sì dé ibi tí ó ti sọ pé èmi kò ní sí, ìwọ kò ní sí, ṣùgbọ́n àmì wa yóò kù, ọmọ mẹ́ta á kọjá nínú ẹ̀wù òjò. Ọmọ bíbí Raj Kapoor ni wọ́n: Randhir, Ritu àti Rishi. Rishi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ròyìn nígbà tí ó dàgbà pé ẹkún ni òun ń sun nítorí omi tí ń kó sí òun lójú, àfìgbà tí Nargis fi ṣokoléètì tan òun. Nargis kú ní 1981, Raj Kapoor ní 1988, Manna Dey ní 2013, Lata ní 2022. Èmi kò tún lè gbọ́ ìlà yẹn bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan mọ́.

Àléébù tí mo rí kò ju pé agbo fáyólìn máa ń bo àárín orin náà mọ́lẹ̀ jù, pàápàá bí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti inú fóònù. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Ẹ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ti mọ bí òṣì ṣe ń bá Raj àti Vidya fínra kí òjò tó dé, bí ẹ bá sì rí ẹ̀dà tí wọ́n ti fi àwọ̀ kùn, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá ti dúdú àti funfun.