Ọtí tó yẹ kẹ́ ẹ pọn nílé fún ẹ̀ẹ̀rùn Iléṣà: bàbà àti yíìsì Voss

Láti 1978 ni wọ́n ti ń pọn Trophy ní Iléṣà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó fẹ́ pọntí nílé fi máa ń lé bíà lager tó mọ́ gaara. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òtútù bíi 10 sí 14°C fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni lager ń fẹ́, yàrá wa lóṣù kejì sì máa ń kọjá 30. Ẹni tí kò ní fíríìjì tó yá sọ́tọ̀ á kàn pọn ohun tó ń ta ni nímú bíi tíńà ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rọrùn, kò sì náni lówó, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ fún un, ó ti kan.

Ọtí bàbà pẹ̀lú yíìsì Voss tí Lallemand ń ṣe la fọwọ́ sí. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Nọ́wè ni irú yíìsì yìí ti wá, láàárín 25 sí 40°C ló ń ṣiṣẹ́, ó sì dára jù lọ láti 35 sókè. Ó máa ń fi òórùn ọsàn díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọtí. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ò ní í bá a lọ́jà Àtakúnmọ̀sà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wá a sí. Gíráàmù 11 ló wà nínú ọ̀rá kan, ìdajì rẹ̀ sì tó lítà 10. Yíìsì búrẹ́dì náà á hó, ṣùgbọ́n kì í tòrò bọ̀rọ̀, ọtí á sì máa rùn bíi búrẹ́dì.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ kì í ṣe yíìsì rárá. Sítáàṣì bàbà kì í jinná títí tó fi tó nǹkan bíi 70°C, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn ló ń pa agbára inú bàbà híhù tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sómi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, ògì lẹ máa rí, kò ní í dùn. Ẹ po kílò 2 bàbà híhù tí wọ́n lọ̀ ní wóró-wóró mọ́ lítà 7 omi tó wà ní 45°C, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 kó tòrò. Ẹ rọra bu lítà 3 omi òkè sọ́tọ̀. Inú rẹ̀ ni agbára náà wà. Ẹ se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù fún ìṣẹ́jú 20, ẹ máa rò ó kó má jó nídìí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù sí 80. Òun ni kẹ́ ẹ wá máa dà díẹ̀díẹ̀ sínú omi tẹ́ ẹ bù, kì í ṣe omi sínú rẹ̀, kó má baà jó agbára yẹn pa. Kó dúró ní 65 fún wákàtí kan. Ẹ kán áyódìn sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ lórí àwo funfun: tó bá dúdú, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún un.

Ẹ fi aṣọ ìsẹ́gì sẹ́ ẹ, ẹ fi omi gbígbóná ṣan èérí rẹ̀ títí á fi pé lítà 12, kẹ́ ẹ sè é fún wákàtí kan. Orógbó méjì tí ẹ rin sínú rẹ̀ ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn á kó ìkorò wọ̀ ọ́. Tó bá tutù sí 35, ẹ gbé e sínú kéègì mímọ́, kẹ́ ẹ da yíìsì sí i. Háídrómítà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ọtí, á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 1.036, tó bá dúró sójú kan fún ọjọ́ méjì nítòsí 1.008, ó ti parí nìyẹn. Ọtí inú rẹ̀ kò tó ìdá 4 nínú 100.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá hu bàbà fúnra yín, ẹ gbọ́: sáyánáìdì wà nínú gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀, bíi ti ẹ̀gẹ́. Tó bá gbẹ dáadáa lóòrùn, ẹ fọwọ́ ra á, kẹ́ ẹ fẹ́ gbogbo gbòǹgbò àti ọ̀mùnú náà dànù kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ike mínírà ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ìgò ọtí líle, ìyẹn lè bẹ́. Ẹ fi ṣúgà gíráàmù 6 sí lítà kan, kó lè ní gáàsì. Ẹ máa fọwọ́ tẹ ike náà lójoojúmọ́. Ìgbà tí kò bá tẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì, kẹ́ ẹ sì mu ún tán láàárín oṣù kan.