Wọ́n fẹ ojú ihò ọ́ìlì búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì RB26 mi, àmọ́ ẹ wo ohun tí mo bá nínú ẹ̀

Aṣọ funfun ló tú àṣírí wọn. Ọmọkùnrin tó gbé búlọ́ọ̀kù fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ti sọ pé "Bọ̀dá, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ kàn lọ máa tò ó ni," èmi náà gbà á gbọ́, mo dúpẹ́, mo gbé e lọ. Ó kù díẹ̀ kí n kó bíárìn sí i ni ọkàn mi ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo we aṣọ funfun mọ́ ẹnu wáyà, mo tì í wọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì gígùn tó gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo fà á jáde. Dúdú ni. Ó tún ń dán yinrinyinrin. Mo fi ìka méjì rà á, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí iyanrìn, mo wá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ dìde dúró bí irun ara ológbò tó rí ajá. Eruku irin!

Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnì á mọ ìdí tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ti kọjá fílítà kó tó dé ọ̀nà yẹn, torí náà ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, kò sí nǹkan tó máa sẹ́ ẹ mọ́, ọ̀dọ̀ bíárìn kiráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, ló ń lọ tààrà. Ká ní mo ti ṣáná sí i, á ha bíárìn jẹ, ó parí nìyẹn.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. RB26 ni ẹ́ńjìnì mi, èyí tí Nissan fi sínú ọkọ̀ Skyline GT-R láti 1989 títí dé 2002, irin gidi ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ ò dáa rárá. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kọjá 7,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tó sì pẹ́ lórí ẹ̀, pọ́ọ̀mpù á máa gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ju bó ṣe ń rí àyè sọ̀ kalẹ̀ lọ, èéfín tó ń já gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì á tún máa gba àwọn ihò kan náà gòkè, òun àti ọ́ìlì á wá pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Tọ́ọ̀pù á kún, sọ́ọ̀mpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, á gbẹ, pọ́ọ̀mpù á máa fa afẹ́fẹ́. Mo fojú mi rí i lórí pápá ìsáré, ní kọ́nà gígùn kan tí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo yọ ẹsẹ̀ kíá, àyà mi ń lù kì-kì-kì.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn ò ju pé kí wọ́n fẹ ojú àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà, kí wọ́n fi fáìlì ha irin gbàgùdù tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dà á, kí ẹnu ihò là bí ẹnu àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kó sì bá ihò tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì dọ́gba, lẹ́yìn náà kí wọ́n dí ọ̀kan nínú ihò méjì tó ń gbé ọ́ìlì gòkè, kí wọ́n sì dín èkejì kù sí 1.5 mm. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni! Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, àǹtí tó ń gbé fóònù á ní "wọ́n ti ń parí ẹ̀ lọ sà", ohùn dídùn, ọ̀rọ̀ òfo.

Èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Mo na aṣọ yẹn sí ọ̀gá wọn, bàbá àgbàlagbà kan, mo ní "Bàbá, ẹ wo ohun tí ẹ ní ẹ ti fọ̀." Mo ti múra ìjà. Bàbá ò bá mi jà. Ó fi àtàǹpàkò ra aṣọ náà, ó pe ọmọkùnrin yẹn.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ṣé o tú àwọn bọ́ọ̀tù tó dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì?"

Ọmọ yẹn dákẹ́.

Bàbá ò sọ nǹkan míì. Ó bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lẹ̀ pa, ó fi iná jó etí ẹ̀ títí ó fi gbóná, ó fi àbẹ́là kàn án, ìda yọ́ wọ inú ẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ yí i, bọ́ọ̀tù náà sì tú bí ìdérí ìgò. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì gígùn, atẹ́gùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń fọ́n ọ́ìlì sí i, torí irin tó wà ní ìhòòhò kì í pẹ́ dípẹtà. Aṣọ funfun míì wọlé, ó jáde ní funfun.

Mo ṣì ní ẹjọ́ kejì. Ihò kan wà lápá ẹ̀yìn tí wọn ò fẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Bàbá mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ihò tí wọ́n ti fẹ̀, 5.1 mm. Ó gbé e lé ti ẹ̀yìn, 2.6. "Omi ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, ọmọ mi. Tí mo bá lù ú, omi á wọ inú ọ́ìlì ẹ." Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹni tó bá ń wá owó nìkan á ti lù ú, torí ohun tí mo kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe nìyẹn. Àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí sọ fún mi? Wọ́n ní nọ́ńbà mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń pè wọ́n!

Mo ti tò ó, mo ti wà á. Lẹ́yìn 500 km mo gé fílítà sí méjì, mi ò rí ohun tó ń dán nínú ẹ̀. Kọ́nà gígùn yẹn náà, abẹ́rẹ́ ò mì. Agolo tó ń gba ọ́ìlì tó ń tú jáde, tó máa ń kún dé ìdajì tẹ́lẹ̀, ó kàn tutù nísàlẹ̀ ni. Iṣẹ́ méjèèjì ló jọ ṣe é o, ẹ má kàn fẹ ihò kí ẹ fi ọ́ìlì tó ń gòkè sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdùnnú mi kọjá sísọ.

Àǹtí orí fóònù sì tún kọ owó fífọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́ rìsíìtì mi. Bàbá ló fi bírò fa ìlà lé e lórí.

Máàkì mi: 2 nínú 5, torí aṣọ funfun àkọ́kọ́ yẹn. Búlọ́ọ̀kù mi kejì ti wà lọ́dọ̀ bàbá láti ọjọ́ Ajé, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé ẹ̀ pé kí wọ́n tú gbogbo bọ́ọ̀tù kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.