LibreOffice Writer: Tábìlì Rẹ̀ Tẹ́ Mi Lọ́rùn fún Iṣẹ́ Orúkọ

Iṣẹ́ orúkọ ló pọ̀ jù níbi tí mo ti ń tẹ̀wé ní Kabba: àwọn tó dá owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tó gba aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ iléèwé. LibreOffice Writer, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ̀wé, ni mo fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọwọ́ tó fi mú fífẹ̀ òpó tábìlì ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má fi mouse fa ìlà òpó tí ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba. Ẹ tẹ Table, kí ẹ ṣí Properties, kí ẹ wá bọ́ sí Columns. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ iye sẹ̀ǹtímítà òpó kọ̀ọ̀kan. Bébà A4 fẹ̀ tó 21. Tí ẹ bá fi 2 sílẹ̀ lọ́tùn-ún, 2 lósì, ó ku 17. Èmi a máa fún nọ́ńbà ní 1.5, orúkọ ní 7, ìlú ní 5, owó ní 3.5. Ẹ má ṣahun sí òpó ìlú o! Tó bá há, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ á já sí méjì, Ayétòrò á wà lókè, Gbẹ̀dẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀, bàbá akọ̀wé tó ń kà á níwájú ìpàdé á sì máa wá ojú ìlà kiri.

Tí Alignment, ìyẹn ibi tí tábìlì dúró sí lójú ewé, bá ṣì wà ní Automatic, fífẹ̀ tábìlì fúnra rẹ̀ kò ní ṣeé yí. Ẹ gbé e sí Left tàbí Center. Fún àtúnṣe kékeré, ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ ọfà ọ̀tún tàbí ti òsì.

Àyè inú àpótí kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì ló kàn mí jù, nítorí èdè wa. Ẹ wo Ọ̀ àti Ẹ́: àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá sún mọ́ ìlà jù, àmì ohùn á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ń kà kò ní rí i. Ní Borders, lábẹ́ Padding, mo máa ń fi àyè náà sí sẹ̀ǹtímítà 0.15. Ní Row Height, ẹ jẹ́ kí Fit to size wà níbẹ̀; láìsí i, ìlà kúkúrú lè gé ẹsẹ̀ lẹ́tà jẹ.

Àlàfo láàárín àpótí kan sí èkejì, bíi ti Microsoft Word, kò sí níbí. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó lè wá a tì. Fún àkọsílẹ̀ orúkọ, n kò nílò rẹ̀ rárá. Repeat heading tó wà ní Text Flow ló wúlò fún mi jù, torí ó ń gbé Orúkọ, Ìlú àti Owó padà sókè ní gbogbo ojú ewé.