Àwòrán Èso àti Ìkòkò fún Yàrá Ìjẹun: Ọ̀dà Olóròóró, Akírílíìkì tàbí Èyí tí Ẹ̀rọ Tẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán èso, ẹ̀fọ́ àti ìkòkò sí ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yóò bá oríṣi mẹ́ta pàdé: èyí tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn, èyí tí wọ́n fi akírílíìkì (ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò) kùn, àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí aṣọ. Mo ti gbé àkọ́kọ́ àti ìkẹta kọ́ sára ògiri kan náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni n ó sì fẹ̀ lójú jù, torí òun ló jẹ mí lówó.

Òǹtajà kan ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún mi ní orúkọ ọ̀dà olóròóró, lẹ́yìn tó ti fi fáníìṣì (omi dídán tí wọ́n fi ń bo ojú àwòrán) tó ki ya ipa búrọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Oòrùn àárọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé kò jẹ́ kó pẹ́: pupa tòmátì àti ata ló kọ́kọ́ ṣá, ọsàn di rúsúrúsú, ìkòkò bàbà kò sì dán mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ àti dídán gan-an ni èèyàn ń sanwó fún nínú irú àwòrán yìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e síta sínú oòrùn, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ wò ó: ipa búrọ́ọ̀ṣì tòótọ́ a máa bá èso yípo, ọ̀dà a sì máa nípọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn lára ìkòkò, ṣùgbọ́n ti fáníìṣì a kàn máa gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá. Awò tó ń mú nǹkan tóbi yóò tún fi àmì wẹ́wẹ́ ìtẹ̀wé hàn yín.

Akírílíìkì kì í wọ́n tó olóròóró, kì í sì í tètè ṣá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa rọ̀ díẹ̀ nínú ooru, eruku ọyẹ́ a sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dà olóròóró ń fẹ́ sùúrù, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń sọ òróró inú rẹ̀ di líle díẹ̀díẹ̀. Oṣù 6 sí ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó fi fáníìṣì ìkẹyìn kùn ún. Ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, kó má baà pọ́n. Chardin, ayàwòrán ará Paris tó kú ní 1779, fi irú ọ̀dà yìí ya èso àti ìkòkò bàbà, àwọn kan ṣì wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, títí dòní.

Nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ògiri àti férémù, èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí ẹ̀yìn aṣọ má baà bu.

Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ tó fún ayálégbé tí yóò kó lọ láìpẹ́, akírílíìkì sì bá yàrá tí ooru àti eruku kò pọ̀ sí mu. Fún yàrá ìjẹun tí ẹ ó máa gbàlejò sí, bí owó kò bá ká olóròóró ńlá, ẹ ra kékeré rẹ̀.