Ínṣọ́ránsì tó ń ka òjò: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi fún ọdún méjì

Oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń dá lọ́nà Àwà, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló bá wa gba irú adójútòfò tí wọ́n ń pè ní parametric, mo sì ti lò ó fún ọdún méjì. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́ tán.

Ẹnikẹ́ni kì í wá yẹ oko wò. Òjò nìkan ni wọ́n ń kà, sátẹ́láìtì ló sì ń kà á. Ìwé tèmi ní bí òjò kò bá pé 60 mílímítà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí àgbàdo fi ń gbọmọ pọ̀n, ìdajì owó yóò wọlé. Bí kò bá pé 30, gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó pẹ́ gbìn lè rí i pé kíkà ti parí kí àgbàdo rẹ̀ tó nílò omi.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀dá dé. Ewé àgbàdo ká bí ẹní. Sátẹ́láìtì ka 41. Ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí oṣù náà pé, ₦90,000 wọ àkáǹtì mi. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo pàdánù, ṣùgbọ́n ó bá òjò àrọ̀kúrò! Mo fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀, mo san owó àwọn tó kọ ebè. Bó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ dé, kí ni mo fẹ́ gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìjọba. CCRIF, àpò adójútòfò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Caribbean ní 2007, san dọ́là mílíọ̀nù 7.75 fún Haiti láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní 2010. Kò tó nǹkan rárá lára ohun tó bàjẹ́, àmọ́ ó tètè dọ́wọ́ wọn.

Ọdún kejì ló dùn mí. Òjò ń rọ̀ lápá Orù, ó ń fo oko mi. Ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń kà pọ̀ bí ẹyọ kan fẹ̀ tó kìlómítà márùn-ún níbùú lóròó; ó ka 73, kọ́bọ̀ kan ò wọlé. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bi aṣojú wọn pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ò lè wolẹ̀ ni?” Kò rí èsì fọ̀. Kò ṣàlàyé èyí fún wa kí a tó fọwọ́ síwèé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí nìyẹn, n kò sì tíì dákẹ́. Ìjì tó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Mo ti san ₦16,000 tọdún yìí. Mo ń dá àjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ti kọ̀wé pé kí wọ́n wá ri ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò mọ́ ilẹ̀ lábúlé wa. A ṣì ń retí èsì.