Họ́ọ̀bù USB: èyí tó ní iná tirẹ̀ àbí èyí tó ń mu iná kọ̀ǹpútà?

Họ́ọ̀bù USB ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Ìlànà USB gbà kí ohun èlò 127 wà lórí ẹ̀rọ ìdarí kan nínú kọ̀ǹpútà. Họ́ọ̀bù pàápàá wà lára wọn. Ṣùgbọ́n iná ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Họ́ọ̀bù tó ń mu iná kọ̀ǹpútà kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gbé rìn. Ihò USB 2.0 kì í sábà fúnni ju 500 mA lọ (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó). Họ́ọ̀bù yìí á mú díẹ̀ níbẹ̀, á wá fún ihò mẹ́rin rẹ̀ ní 100 mA lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó máọ̀sì àti kíbọ́ọ̀dù. Kò tó háàdì dísìkì rárá: á máa já kúrò lójijì, fáìlì ẹni sì lè bàjẹ́.

Èyí tó ní ṣájà tirẹ̀ lè fún ihò kọ̀ọ̀kan ní 500 mA, bí ṣájà náà bá lágbára tó. Òun ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ sórí dísìkì. Àmọ́ bí iná bá lọ, dísìkì lè kú kódà bí bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣì kún.

Kò sí èyí tó ń fi kún ìyára nínú méjèèjì: 480 Mbps kan náà, ìyẹn ìyára USB 2.0, ni gbogbo ohun tó wà lórí wọn jọ ń pín.