Fífò láti orí òkè: Gánà, Kẹ́ńyà àbí Tọ́kì, èwo ló tọ́ sí ará Abuja?

Ẹni tó bá ń gbé Abuja, tó ń gba Madalla kọjá lọ sí Kaduna, yóò ti mọ àpáta Zuma dáadáa, òun náà ló wà lẹ́yìn owó 100 náírà. Láti ìgbà tí àwọn ará ìjọ wa ní Kubwa ti gbọ́ pé mo ti fi paragliding, ìyẹ́ aláṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé, fò rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé èèyàn ò lè fò láti orí Zuma ni?"

Rárá o. Ara Zuma gún sókè bí ògiri. Ẹni tó fẹ́ gbéra nílò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó rọ̀ díẹ̀, tó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ lè sáré lórí rẹ̀, kó sì tún ní pápá gbalasa nísàlẹ̀ tí yóò balẹ̀ sí. Òkè Shere lẹ́bàá Jos ga tó mítà 1,829, Mambilla náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó. Páílọ́ọ̀tì tó mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní àmọ̀dunjú ńkọ́? Àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ńkọ́? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́? Pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ààbò ṣe rí ní àríwá báyìí, bí aṣọ ńlá kan bá ṣàdédé yọ lójú ọ̀run lókè abúlé kan, kò sẹ́ni tí yóò rò pé ẹnì kan ló ń ṣeré. Nítorí náà, ìrìn-àjò ni. Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra fún ẹni tó ti ń kó owó jọ, ohun tí mo sì máa fi díwọ̀n wọn ni iye ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbà fún yín nínú iye ọjọ́ tí ẹ bá san owó rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì fífò gan-an kéré sí ohun tí ọjọ́ tó ṣòfò máa ná yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Aláṣọ àbí onírin?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ìyẹ́ paragliding jẹ́ aṣọ látòkè délẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu àwọn àpò tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú rẹ̀ wọlé ló ń mú un le. Ẹ ó jókòó sínú àga onígbànú lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹ́ náà yóò sì máa rìn ní bíi kìlómítà 35 sí 40 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ká a tán, ó wọnú àpò ẹ̀yìn kan.

Hang gliding ní òpó irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó na aṣọ rẹ̀. Ẹ ó dojú bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó di ọ̀pá kan mú, ẹ ó sì máa fi ara yín síhìn-ín sọ́hùn-ún láti darí rẹ̀. Ó yá ju aláṣọ lọ, ó sì ń lọ jìnnà jù ú. Láti gíga kìlómítà 1, ó lè rìn tó kìlómítà 12 sí 15 kó tó kanlẹ̀, ti aláṣọ á rìn bíi 8 sí 10. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ká a, ó ṣì gùn tó mítà 5, orí mọ́tò ni wọ́n ń dè é mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí i fún àlejò ní ibi tó pọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ àfi onírin, Rio de Janeiro ní Bràsíl ni kó fojú sí. Láti Pedra Bonita, tó lé ní mítà 500, wọ́n máa ń gbé àlejò balẹ̀ sí etíkun São Conrado. Ìrìn náà jìnnà, owó rẹ̀ sì ga.

Fún ẹni tí kò fò rí, aláṣọ ni mo fara mọ́. Ó rọra ń lọ, ẹsẹ̀ ni ẹ ó sì fi balẹ̀. Lọ́dọ̀ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ń sọ yìí, òun náà ni ẹ máa rí rà, ẹ̀yin níwájú, páílọ́ọ̀tì lẹ́yìn yín.

Gánà: ó sún mọ́, ó sì kúrú

Kwahu ni ibẹ̀ ń jẹ́, ní apá Ìlà-oòrùn Gánà, òkè Odweanoma ní Atibie. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún paragliding níbẹ̀ nígbà Ọdún Àjíǹde. Nkawkaw, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi, ni wọ́n máa ń balẹ̀ sí. Ẹ fi ojú Ojúde Ọba wò ó. Gbogbo ọmọ Kwahu tó wà nílẹ̀ òkèèrè ló ń wálé, orin ń dún, hòtẹ́ẹ̀lì kún fọ́fọ́, mọ́tò kò rọ́nà lọ.

Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90. Pásípọ́ọ̀tù àti yellow card, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ti tó. Àléébù rẹ̀ ni pé láti Ọjọ́ Ẹtì Rere sí ọjọ́ Ajé ló mọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré nínú ọdún, ó sì bọ́ sí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò níbí ló ta gbogbo rẹ̀ fún mi pọ̀: bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì fífò. A dé Accra ní alẹ́ Àbámẹ́ta, a wọ Nkawkaw ní ọ̀sán Àìkú, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ fún fífò mi, ká padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òru Àìkú ni òjò dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ti bo orí òkè débi pé igi tó wà níwájú wa ń fara hàn ó ń pòórá. Ní agogo mọ́kànlá ó là díẹ̀. Àwọn tó ti wà lórí ìwé láti ọjọ́ Ẹtì ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ẹni mẹ́ta gbéra. Ó wá kàn mí. Páílọ́ọ̀tì tó fẹ́ gbé mi bẹ̀rẹ̀, ó já koríko díẹ̀, ó jù ú sókè. Koríko náà gba ẹ̀gbẹ́ etí wa kọjá, ó sì wọnú àfonífojì lọ. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀. Ó wo koríko náà títí tó fi rá mọ́ wa lójú, ó ní: "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó ti kọ̀ fún wa lónìí."

Inú bí mi nígbà náà. Lónìí, mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ṣe mí lóore ńlá, nítorí ìyẹ́ aláṣọ tí a bá fi ẹ̀yìn gba afẹ́fẹ́ gbéra lè má gbé èèyàn nílẹ̀ kó tó dé etí òkè. Àwọn tó ta ìrìn-àjò fún mi ni mo bínú sí. Wọ́n mọ̀ pé ojú ọjọ́ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ta ọjọ́ kan ṣoṣo fún mi. Nígbà tí mo béèrè owó mi, wọ́n fi ìlà kan hàn mí nínú ìwé àdéhùn pé ti òjò kò kàn wọ́n.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, fúnra mi ni mo ṣètò, mo sì dé láti Ọjọ́bọ̀. Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀. Ní Àbámẹ́ta, páílọ́ọ̀tì kan fi ọwọ́ kan ìdè itan mi ọ̀tún, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti òsì, ó dì mọ́ àyà, ó sì fi àtàǹpàkò ti irin ìkọ́ méjèèjì wò bóyá wọ́n ti padé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa sáré, kí n má jókòó. Mo sáré, ẹsẹ̀ mi ṣì ń sáré nígbà tí ilẹ̀ ti tán lábẹ́ wọn. Ariwo tó wà lẹ́yìn wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìró afẹ́fẹ́ nínú okùn nìkan ló kù, òrùlé páànù Nkawkaw sì ń tàn yọ̀yọ̀ lábẹ́ bàtà mi. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó. Ẹ lọ rí i.

Kẹ́ńyà: ọjọ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ le

Iten, ìlú àwọn eléré sísá, wà ní gíga bíi mítà 2,400 létí Àfonífojì Kerio, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi ohun tó lé ní mítà 1,000 jìn sí etí òkè náà. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni ìgbà fífò níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ tó dára sì ń tẹ̀ léra. Àwọn páílọ́ọ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù máa ń sá fún òtútù wá síbẹ̀ láti fò lọ́nà jíjìn.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ti rí ààjà ní pápá Gwagwalada nínú oṣù Kẹta rí, bó ṣe ń ká iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá gbé lọ sókè. Oòrùn ló mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná, èyí tó gbóná sì gbéra sókè. Irú afẹ́fẹ́ agbénilọ bẹ́ẹ̀ náà ni àwòdì ń gùn nígbà tó bá ń rà bàbà láìju apá, òun náà sì ni páílọ́ọ̀tì ń wá. Lọ́wọ́ ọ̀sán, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ó lè ju èèyàn sókè sódò débi tí inú yóò fi máa ru. Àlejò tó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kó béèrè.

Láti Abuja, Ethiopian á gbé yín dé Addis Ababa, ẹ ó dé Nairobi, ẹ ó tún wọ bàálù kékeré lọ sí Eldoret, Iten kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un nítorí ọyẹ́ tiwa níbí, torí ìgbà fífò wọn ni ìgbà tí eruku máa ń dá bàálù dúró ní Abuja. Kẹ́ńyà pa físà rẹ́ ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n fi eTA, ìwé àṣẹ ìrìn-àjò tí a ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún ti yí òfin náà padà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ wo ojú-ewé ìjọba wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó gan-an. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, Iten ni mo máa sọ fún un. Ẹni tó fẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà náà gùn fún un.

Tọ́kì: ó wọ́n, ó sì dájú

Ölüdeniz, lẹ́bàá Fethiye. Òkè Babadağ ga tó mítà 1,969, etí òkun ni ẹ ó sì balẹ̀ sí, nítorí náà gbogbo gíga ibi tí ẹ ti gbéra ni ẹ máa fò. Ibi ìgbéra mẹ́rin ló wà, mítà 1,200, 1,700, 1,800 àti 1,900. Bí kùrukùru bá bo tòkè, wọ́n lè lo tìsàlẹ̀. Láti 2021, ọkọ̀ orí okùn ló ń gbé èèyàn gun òkè náà. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ojoojúmọ́ tí ojú ọjọ́ bá gbà ni wọ́n ń fò, wọ́n sì lè sún yín sí ọ̀la láìjà. Bọ̀dá mi lọ pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò, afẹ́fẹ́ kọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n fò lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọjọ́ tó kù sinmi.

Ohun tó le níbẹ̀ ni físà àti owó. Turkish Airlines ń ti Abuja lọ sí Istanbul tààrà, ẹ ó wá wọ bàálù mìíràn lọ sí Dalaman. Físà ni kẹ́ ẹ gbà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ tún béèrè bóyá owó ọkọ̀ orí okùn àti ti fọ́tò wà nínú iye tí wọ́n pè. Fọ́tò máa ń dá dúró, ìgbà tí ẹ bá sì ti balẹ̀ tí inú yín ń dùn ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún àti owó níwọ̀nba, Gánà ni, ṣùgbọ́n kó dé láti Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan tí físà kò ṣòro fún, Tọ́kì ni mo yàn fún un láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ béèrè pé bí ojú ọjọ́ bá kọ̀, ṣé ọjọ́ mìíràn wà àbí owó ń padà, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé-àṣẹ gbígbé èrò lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì, àti bóyá páráṣúùtì àfipamọ́ wà nínú àga náà. Ẹ sọ ìwọ̀n ara yín bó ṣe rí, torí ẹni tó bá lé ní kìlógíráàmù 100, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé e. Ẹ ka ìwé insurance ìrìn-àjò yín délẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ka irú eré yìí mọ́ ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò. Ẹ̀yin obìnrin tó dirun gígùn, ẹ so ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ àkẹtẹ̀ ààbò kó má baà kó sínú okùn. Hijab náà, ẹ fi ìdí rẹ̀ sínú aṣọ. Ẹ jẹun díẹ̀, kó má jẹ́ iyán.

Àwọn kan ti ń bi mí nípa ríra ìyẹ́ tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ́dọ̀ olùkọ́, òun ni yóò sọ ìwọ̀n tó bá ara yín mu. Oríṣi EN A, ìpele ìyẹ́ tó rọrùn jù láti darí, ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹ́ àlòkù tí oòrùn ti jẹ lè dán lójú kí afẹ́fẹ́ sì máa jò nínú rẹ̀. Ẹ sì lọ bá NCAA kẹ́ ẹ tó kó o wọ Nàìjíríà, kó má baà di ọ̀rọ̀ àlàyé fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ní 2027, Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí 28 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ń lọ Kwahu lọ́dún yẹn, kó ti gba yàrá ní Nkawkaw láti oṣù Kìíní.